Ajá, Ọdẹ àti Fèrè: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ọmọ Tí Àṣẹ Ń Dí Lọ́nà

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ìkúnlẹ̀ yìí dáadáa, nítorí kò sí ẹni tí ó ní kí n kúnlẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ti ní kí n kúnlẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí n ṣì wà lórí ìdúró gbagidi títí di ìsinsìnyí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju àlàyé gbólóhùn kan yẹn lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ yín, ẹni tí ó kọ lẹ́tà méjì sí mi ní ilé mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ka ti àkọ́kọ́ tán, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dùn mọ́ mi, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọwọ́ mi kò fi lè gbé kálàmù láti fèsì. Èkejì ni ó gbé mi wá. Ohun tí èkejì ní tí àkọ́kọ́ kò ní, n óò sọ ọ́ kí a tó túká.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: nígbà tí ọmọ kò bá ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá kò fẹ́ ni, tàbí kò lè? Ìdáhùn mi, tí n óò máa padà sí títí tí n óò fi jókòó, ni pé àwọn ọmọ kan wà tí ó jẹ́ pé àṣẹ gan-an ni ó ń gba agbára ìgbọràn lọ́wọ́ wọn. Àti pé èdè wa ti ní ohun tí a lè fi bá irú wọn gbé tipẹ́tipẹ́, àgbà nìkan ni a kàn ń lò ó fún.

Ìpele kìn-ín-ní: Ìkúnlẹ̀ tí kò ṣeé ṣe

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Olùkọ́ ni bàbá mi, aṣọ ni ìyá mi ń tà ní Gbági. Ní ilé wa, àṣẹ ni a fi ń jí, àṣẹ ni a fi ń sùn: dìde, bójú, gbálẹ̀, kí wọn, dákẹ́, jẹun, má fi ọwọ́ òsì gbà á. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan wà ní Ọ̀yọ́, Màmá Ọ̀yọ́ ni a ń pè é, adúmáadán obìnrin, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tí àádùn àti róbó kì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ràn tó o láyé. Ní ọjọ́ tí a gbọ́ pé ó ń bọ̀, láti òwúrọ̀ ni mo ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, tí mo ń kúnlẹ̀, tí mo ń dìde, tí mo ń wí fún ògiri pé, “Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ìrìn,” kí ó lè dára lójú rẹ̀ nígbà tí ó bá dé.

Ó dé. Mo yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, orúnkún mi ti ń tẹ̀, ó ku díẹ̀ kí ó kan ilẹ̀, ni ìyá mi bá pariwo láti ilé ìdáná pé, “Ṣé o ò rí wọn ni? Kúnlẹ̀ kí wọn!” Bí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí létí ni orúnkún mi gan. Àyà mi ń lù kìkì, ẹnu mi gbẹ, ohun tí mo ti ń fi inú dídùn ṣe láti àárọ̀ di ohun tí n kò lè ṣe mọ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ń fi búlọ́ọ̀kù kún ògiri tí ó wà láàárín èmi àti ilẹ̀. Bàbá mi mú pàṣán. Màmá Ọ̀yọ́ pín àádùn rẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ó di alẹ́, bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí mi títí di òní: “Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.”

Mo dákẹ́. Ohun tí n kò ní ọ̀rọ̀ láti fi sọ nígbà náà ni pé mo gbọ́ fèrè yẹn. Ó ń dún ní agbárí mi ju bí ó ti ń dún lẹ́nu ọdẹ lọ.

Ìpele kejì: Kí ni agídí, kí ni àìlèṣe?

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ ẹni tí a mú wá sí kóòtù. Agídí ni pé kí ènìyàn mọ ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe, kí agbára rẹ̀ ká a, kí ó wo èrè tí ó wà nínú kíkọ̀, kí ó sì wá kọ̀. Alágídí ń jẹ èrè agídí rẹ̀, bí èrè náà kò tilẹ̀ ju kí ojú ti ẹni tí ó pàṣẹ. Ẹ wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ tán. Kí ni ó jẹ lérè? Ó pàdánù àádùn, ó pàdánù ojú rere ẹni tí ó fẹ́ràn jù, ó jẹ pàṣán, ó sì sunkún sùn. Agídí tí ó ń ja ẹni tí ó ni ín lólè báyìí, ó yẹ kí a wá orúkọ mìíràn fún un.

Orúkọ mìíràn náà, ọ́tísíìmù, ní ìtàn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí “ara ẹni” ni a ti fà á yọ. Eugen Bleuler, oníṣègùn ọpọlọ ní Switzerland, ni ó dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1911, ó sì fi sọ nípa àìsàn mìíràn. Ní ọdún 1943, Leo Kanner kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa ọmọ 11 tí ó rí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, obìnrin oníṣègùn kan, Grunya Sukhareva, ti ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Moscow láti ọdún 1925, tí ayé kò kà á sí. Ọ́tísíìmù kì í ṣe àìsàn tí à ń kó, kì í sì í ṣe wèrè. Ọ̀nà tí a gbà hun ọpọlọ ni, tí ó fi jẹ́ pé ìró, ìmọ́lẹ̀, ìfọwọ́kàn àti ọ̀rọ̀ ènìyàn ń wọ onítọ̀hún lára lọ́nà tí ó yàtọ̀. Ọmọ aláṣọ ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ṣàlàyé: òfì kì í ṣe àdìrẹ tí ó bàjẹ́, bí a bá sì fọ òfì títí di ọ̀la, kò ní di àdìrẹ.

Láàárín àwọn tí a hun báyìí ni àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kàn lónìí wà. Ní àwọn ọdún 1980, Elizabeth Newson, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé ní Yunifásítì Nottingham ní England, ṣàkíyèsí pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń mú wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá àpèjúwe inú ìwé mu. Wọ́n lọ́rọ̀ lẹ́nu, wọ́n mọ bí a ti ń bá ènìyàn ṣeré, ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n wọn ni wọ́n ń ná sórí bí wọn yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ohun tí a ní kí wọ́n ṣe: wọn a dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀, wọn a ní ọwọ́ ń dun àwọn, wọn a sọ ara wọn di ẹlòmíràn. Ó pè é ní Pathological Demand Avoidance, tí wọ́n ń gé kúrú sí PDA. Ní ọdún 2003 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àlàyé wọn jáde fún àwọn oníṣègùn ọmọdé. N kò ní fi pamọ́ fún yín pé àríyànjiyàn wà lórí orúkọ yìí: kò sí nínú DSM-5, ìwé ńlá tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2013, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn bóyá ẹ̀ka ọ́tísíìmù ni, tàbí ìbẹ̀rù tí ó gbé ẹ̀wù mìíràn wọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà lórí orúkọ tí a ó sọ ọmọ, ọmọ náà ti wà nílẹ̀, ó ń ké.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kò tíì túmọ̀: kí ni àṣẹ? Ohun tí ó ti ẹnu àgbà jáde nìkan kọ́. Aago ń pàṣẹ, ebi ń pàṣẹ, ìtọ̀ tí ó ń gbọ́n ènìyàn ń pàṣẹ. “O káre” tí a wí fún ọmọ ń pàṣẹ, nítorí ó ń sọ fún un pé kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la. Èmi fúnra mi ti jókòó pẹ̀lú òùngbẹ rí, tí ife omi wà níwájú mi, tí ọwọ́ mi kò lè gbé e, kìkì nítorí pé mo ti wí fún ara mi pé ó yẹ kí n mu omi. Ta ni mo ń ṣe agídí sí lọ́jọ́ náà?

Ìpele kẹta: Ta ni a di ẹ̀bi lé lórí?

Ohun tí kò bá yé ènìyàn, ẹ̀bi rẹ̀ ni ènìyàn kọ́kọ́ ń pín. Ní Amẹ́ríkà, Bruno Bettelheim tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1967 tí ó fi kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé òtútù ọkàn òbí, pàápàá ti ìyá, ni ó ń lé ọmọ wọ inú ara rẹ̀ lọ. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù, ti fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1964 ṣàlàyé pé inú ara ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kì í ṣe inú ìfẹ́ ìyá. Àwọn òbí ni ó kọ́kọ́ kọ ẹ̀bi yìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 1962 ni wọ́n ti kó ara wọn jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Lorna Wing sì wà lára wọn, oníṣègùn ọpọlọ tí ó jẹ́ ìyá fún ọmọbìnrin tí ó ní ọ́tísíìmù.

Níhìn-ín, a kì í sọ pé ọkàn ìyá tutù. A máa ń sọ pé ọmọ ní ẹgbẹ́ lọ́run. Wọ́n mú mi lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní emèrè ni mí, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta pàṣẹ pé kí ohun tí ó wà nínú mi jáde. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: wọ́n pàṣẹ fún un! Ohun tí ó wà nínú mi sì ṣe sí àṣẹ náà bí ó ti máa ń ṣe sí gbogbo àṣẹ.

N kò bú àwọn òbí mi. Ohun tí wọ́n ní ni wọ́n fi tọ́ mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Damian Milton, ọ̀mọ̀wé ará Britain tí òun náà ní ọ́tísíìmù, kọ ọ́ ní ọdún 2012 pé àìgbọ́ra-ẹni-yé tí ó wà láàárín irú wa àti àwọn ènìyàn yòókù, ọ̀nà méjì ni: bí àwa kò ti mọ inú wọn ni àwọn náà kò mọ inú wa. Bàbá mi rò pé n kò gbọ́ fèrè. Èmi náà kò mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọdẹ, pé ó ń fọn ọ́n kíkankíkan nítorí pé kò fẹ́ kí ajá rẹ̀ sọnù.

Ìpele kẹrin: Ajá kì í wọ bàtà

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti pé ẹni ọdún 41 nígbà tí wọ́n ń yẹ ọmọkùnrin mi wò fún ọ́tísíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ń béèrè, èmi ń dáhùn. Nígbà tí ó yá, mo rí i pé ìtàn ara mi ni mo ti ń sọ láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n yẹ èmi náà wò. Wọ́n ní ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Èmi tí mo pọn ọmọ ọ̀ràn, ọmọ ọ̀ràn ni èmi alára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo mú bébà, mo ń fa ìlà kan fún àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti ẹnu mi jáde láti ìgbà tí ọmọ yìí ti lajú. Nígbà tí a fi máa dé ẹnu ọ̀nà, ìlà 37 ni mo kà, a kò sì tíì wọ bàtà. Mo ní kí ó wọ bàtà. Ẹni ọdún mẹ́fà ni. Ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó ní òun kọ́ ni, ajá ni òun, ajá kì í sì í wọ bàtà.

Bàbá mi wọ inú mi lọ́jọ́ náà, tòun ti pàṣán rẹ̀ àti òwe rẹ̀. Ọwọ́ mi ti gbéra. Ṣùgbọ́n mo wo abẹ́ tábìlì, mo rí bí ọmọ náà ṣe ń mí, mo sì mọ èémí yẹn, nítorí òun ni mo mí níwájú Màmá Ọ̀yọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀: “Ó mà ṣe o. Bàtà méjì péré ló wà nílé yìí, ajá sì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kò lè kárí.” Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ kan yọ láti abẹ́ tábìlì. “Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ajá yìí máa wọ̀ ọ́ sí,” ni ajá wí.

Kí ni mo ṣe? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Àwọn onímọ̀ òyìnbó ń kọ́ òbí irú àwọn ọmọ yìí pé kí wọ́n máa sọ ohun tí ojú wọn rí, dípò ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe, kí ọmọ lè fúnra rẹ̀ rí ohun tí ó kàn. Ṣé àjèjì ni èyí lọ́dọ̀ wa? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Bí bàbá ìyàwó ẹni bá wá kí ni, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, ta ni yóò wí fún un pé, “Ẹ máa lọ sílé”? A ó ní, “Ọ̀nà yín mà jìn o.” Yóò dìde fúnra rẹ̀, iyì rẹ̀ yóò sì bá a dé ilé. Ọmọ ọdún mẹ́fà nìkan ni a ń wí fún pé, “Gbéra nílẹ̀!” Wọ́n tún ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí gbà pé ẹni tí a rán lè tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́nà kí ó tó jẹ́ ẹ, kí ó lè jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Ohun tí ọmọ mi ń wá lábẹ́ tábìlì nìyẹn: iṣẹ́ ẹrú 37 ni mo rán an kí aago mẹ́jọ tó lù, ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi tọmọ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ má ṣe rò pé mo ti rí oògùn gbogbo-ǹ-ṣe. Ìka kò dọ́gba. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ọ́tísíìmù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odindi nínú tirẹ̀. Bí mo bá ní, “Òtútù mà ń mú níta o,” yóò ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, màámi,” yóò sì jáde láìwọ kóòtù. Odindi ọ̀rọ̀ ni ó ń fẹ́, lẹ́sẹẹsẹ, láìsí àdàmọ̀dì: kọ́kọ́ wọ kóòtù, lẹ́yìn náà gbé báàgì. Nídìí tábìlì oúnjẹ kan náà, mo ń fi àṣẹ tu ọ̀kan lára, àṣẹ kan náà sì ń lé èkejì wọ abẹ́ tábìlì. Ìpè tí àwọn méjèèjì ń pe “màámi” sì jẹ́ àṣẹ lára èmi náà. Ọjọ́ wà tí mo ti ara mi mọ́ ilé ìwẹ̀, tí mo jókòó sí etí báàfù, tí mo ń ka táìlì ara ògiri títí orí mi fi rọ̀. Nígbà tí mo bá jáde, mo máa ń sọ òtítọ́ fún wọn pé fèrè ti pọ̀ jù létí mi. Ó yé wọn. Kò sí ohun tí ó yé wọn jù ú lọ.

Ìpele karùn-ún: Ọmọ tí a kò kọ́ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn yìí ti ń wí nínú ara rẹ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà ní kí a kọ́ ọmọ. Kò ní kí a fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a ya àṣẹ sọ́tọ̀. Èyí tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ ń bẹ: títì, iná, kànga, ọwọ́ tí ó fẹ́ gbá ọmọ ẹlòmíràn; n kì í fi ààbọ̀ sọ ìwọ̀nyí, ọmọ mi sì mọ̀ pé bí mo bá pariwo, ewu ti dé nìyẹn, nítorí pé n kò fi ariwo náà ṣòfò sórí bàtà. Àṣẹ dà bí iyọ̀: bí ó bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ adùn ẹran mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo mọ̀ pé ọmọ pọ̀ ní kíláàsì yín. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó: àyè nítòsí ilẹ̀kùn, kí ọmọ lè jáde mí kí ó tó bú, iṣẹ́ méjì tí ó lè mú ọ̀kan níbẹ̀, kí a má ṣe dédé pè é dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 kọ̀ kí a máa ṣe ẹ̀tanú sí ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òfin kì í yá tó ẹsẹ̀ olùkọ́ tí ó lójú àánú.

N kò ní tan yín jẹ. Oṣù wà tí ọmọkùnrin mi kò lè fi ẹsẹ̀ kan ilé ìwé, tí gbogbo ààbọ̀ ọ̀rọ̀ mi wà ní ààbọ̀. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ní gbogbo oṣù náà, kò fi ìgbà kan rò pé òun ni ọmọ burúkú. Èmi ti rò bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Àkótán

Mo bi yín bóyá ọmọ náà kò fẹ́ ni tàbí kò lè. Ẹ ti rí i pé àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ gan-an, tí àṣẹ ni kò jẹ́ kí wọ́n lè. Ẹ sì jẹ́ kí n san gbèsè tí mo jẹ yín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí akọ̀wé kọ sí mi wí pé, “Ó di dandan kí ẹ fèsì kí oṣù tó parí.” Èkejì wí pé, “Màmá, a ti gbé àga kan sílẹ̀ fún yín lórí pèpéle. Bí ẹ bá wá, ẹ ó bá a níbẹ̀. Bí ẹ kò bá wá, èmi ni n óò jókòó sí i, nítorí ẹsẹ̀ ti ń dùn mí.” Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ náà. Ọdẹ kan náà ni, fèrè kan náà ni. Bí ó ti fọn ọ́n ni ó yàtọ̀.

 N óò padà sídìí àga náà wàyí, bí akọ̀wé kò bá tíì jókòó sí i.